Màmá Onígò àti Ọ̀run Àpáàdì Tó Tutù

Bí ẹ bá bu omi fún Màmá Onígò nílé yín, ẹ má bínú bó bá kọ́kọ́ gbé ife náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tó yí i sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, tó wá rọra gbé e kalẹ̀ láìmu. Kì í ṣe pé ó kórìíra yín. Iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń fọ ìgò ní ilé ìwádìí wa, ojú rẹ̀ kò sì lè rí gíláàsì mọ́ kó má wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tó lọ kí àwọn àna ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n gbé ife mẹ́jọ kalẹ̀ níwájú àlejò. Ó dìde, ó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sẹ́yìn ilé, ó tún wọn fọ̀. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní, "Kí ni kí n ṣe, àbúrò mi? Omi ò ṣàn dáadáa lára ife yẹn."

Òótọ́ ni ohun tó ń wí o. Ìgò tó bá mọ́, omi á tẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ. Èyí tí kò bá mọ́, omi á ṣẹ́ jọ lára rẹ̀ ní kóró-kóró bí òógùn iwájú orí. Ìgò tó bá dán irú ẹ̀ wò níwájú Màmá Onígò, èébú ló gbà yẹn. "Ọ̀bùn! Ta lo rò pé o máa tàn jẹ?" Ó di inú ọṣẹ padà. Ẹ̀ẹ̀meje ló ń ṣan wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú omi tí kò ní ohunkóhun nínú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ inú ìkòkò ńlá kan tí a fi ooru omi pa kòkòrò. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ààrò mànàmáná tó ga tó géńdé ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀run Àpáàdì.

Ìwọ̀n ìgbóná àádọ́ta-lé-nígba ni wọ́n fi Ọ̀run Àpáàdì sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Omi tó ń hó kò ju ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Màmá ń kó ìgò sínú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnì, á lọ sílé. Ààrò á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á sì pa ara rẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa dé láàárọ̀, ìgò ti tutù, ààrò ti tutù, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe gbóná tó.

Èmi ni mo ń lo àwọn ìgò yẹn, inú wọn ni gbogbo omi iṣẹ́ mi ń wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ mi, ẹni tó máa ń sùn lọ kí n tó dé ìdajì. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí ń rìn kiri. Bí bakitéríà bá wọlé, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n á sì figbe ta. Igbe yẹn ló ń fa kí ojú egbò wú, kó gbóná, kó sì máa ta ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí igbe ni àwọn yòókù fi ń mọ̀ pé ìjà dé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, igbe àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pọ̀ jù, gbogbo ara á gbà á, á sì pa ẹni tí bakitéríà fúnra rẹ̀ kò tíì rí pa. Oògùn tó lè sọ fún wọn pé "ó tó" ni à ń wá.

Kí a tó lè dán oògùn kankan wò, bí a ṣe ń mọ igbe wọn nìyí. A ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. A ó fi ẹ̀ṣọ́ sínú gbogbo ihò, a ó wá kán oró bakitéríà sínú ìdajì, a ò ní fi nǹkan kan sínú ìdajì tó kù. Ní ọjọ́ kejì, a ó mú lára omi ihò kọ̀ọ̀kan, a ó kán èròjà kan tó ń fi igbe wọn hàn sí i. Ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti pariwo, omi á yí sí àwọ̀ ìyeyè. Ibi tí wọ́n bá ti jókòó jẹ́ẹ́, omi á mọ́ kedere. Ìdajì tí a kò fi nǹkan sí yẹn gbọ́dọ̀ mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ kó àwo dà nù, ẹ lọ sílé.

Ẹ̀jẹ̀ dírẹ́bà wa la ti ń rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún. Ọkùnrin gìrìpá kan ni, ara rẹ̀ le, kò sì bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó gbà pé òun wà lára àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á ní, "Mo wà nínú ìwádìí."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwo mi kò mọ́ mọ́. Ibi tí mo fi oró sí, àwọ̀ ìyeyè. Ibi tí n kò fi nǹkan kan sí, àwọ̀ ìyeyè. Mo pààrọ̀ omi, kò yí padà. Mo pààrọ̀ oúnjẹ àwọn ẹ̀ṣọ́, kò yí padà. Ó di ẹgbìrìn ọ̀tẹ̀, bí mo ṣe ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú. Mo wá sọ fún Ọ̀gá pé bóyá ẹ̀jẹ̀ dírẹ́bà ló ń jà.

Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ó mọ̀wé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó tún fẹ́ràn kó máa lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Kò sí ilẹ̀kùn kan níbi iṣẹ́ wa tí kì í bá ènìyàn wí. Èyí tó wà ní yàrá Ọ̀run Àpáàdì, pẹ̀lú yíǹkì pupa, sọ pé: A KÒ GBỌ́DỌ̀ GBÉ OÚNJẸ WỌ IBÍ. ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN NI ÈYÍ. A ò rí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ rí. Ọ̀gá pe dírẹ́bà, ó ní kó má wo bọ́ọ̀lù mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí inú rẹ̀ máa ń ru jù. Dírẹ́bà fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwo kò mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe yíjú sí ìgò. Ní ọjọ́ Ajé, ó pe èmi àti Màmá Onígò sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti tẹ lẹ́tà kan, ó gbé e sórí tábìlì kí a lè rí i.

"Màmá," ló wí, "ẹ má bínú sí mi. Ìgò ló kù. Àgbà ti ń dé sí yín, ojú lè má ríran bíi ti àtijọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó jọ wo àwo. Bí kò bá mọ́, lẹ́tà yìí á wọ fáìlì yín pé ẹ ò náání iṣẹ́ yín mọ́, wọ́n á sì gbé yín lọ sí ẹnu géètì láti máa kọ orúkọ àlejò títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."

Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí Màmá fẹ̀yìn tì. Ó wo lẹ́tà náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá wo ojú mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo mi orí sí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Mi ò sọ̀rọ̀ o, mo kàn mi orí ni, bí aláǹgbá. Ó rí i. Títí di òní, ojú ṣì ń tì mí bí mo bá rántí.

Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìgò pẹ̀lú ìbínú. Mo ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi: "Ojú lè má ríran! Ojú mi! Ìwọ ìgò yìí, ṣé ojú mi ò rí ọ ni?" Bó ṣe ń fọ̀ ni ọ̀kan fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gé e ní àtàǹpàkò. Ó fi aṣọ dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àtàǹpàkò ti wú bí ìgbá, ó pọ́n, ó gbóná, ó ń sọ kì, kì, kì.

Mo gbé oògùn egbò àti báńdéèjì lọ bá a, torí pé ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n jókòó. Mo sáà mú ọwọ́ rẹ̀, mo ń nu ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ forí jì mí."

"Orí tí o mì yẹn ni kí n fi jì ọ́?"

Mo ń nu ọwọ́ lọ. Ìrora ló jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Kí ló tiẹ̀ dé tó fi ń wú báyìí? Ìgò ló gé mi, kì í ṣe ejò."

"Bakitéríà ló gba ojú ọgbẹ́ wọlé, Màmá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ yín ti mọ̀. Wọn ò lójú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń táràrà. Bakitéríà ọ̀hún ní awọ kan lára, oró ló wà nínú awọ náà. Bí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ bá ti kàn án báyìí, á figbe ta, 'Olè dé o!' Igbe yẹn á jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣílẹ̀kùn, omi á ya wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù á sáré dé. Èrò á wá pọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò mọ́."

"Nínú àtàǹpàkò mi?"

"Nínú àtàǹpàkò yín."

"Ìdí nìyẹn tó fi ń ro mí. Wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ bá wọn wí. "Tí bakitéríà ọ̀hún bá wá kú ńkọ́? Ṣé wọ́n á dákẹ́?"

"Rárá o. Òkú rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kì í béèrè bóyá ó wà láàyè. Awọ yẹn ló mọ̀. Bó bá ti kan awọ, ó di kí wọ́n pariwo."

"Háà! Kéèyàn kú tán, kó tún máa dá ìjà sílẹ̀! Bíi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gẹ́lẹ́. Ọdún kẹwàá rẹ̀ rèé nínú ilẹ̀, a ṣì ń lọ sí kóòtù nítorí rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ronú, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

"Dúró ná. Ìkòkò ooru omi ńkọ́? Gbogbo kòkòrò ló ń kú níbẹ̀."

"Wọ́n á kú, ṣùgbọ́n oró ara òkú wọn á ṣẹ́ kù sára ìgò. Sísè kì í ran oró yẹn. Ìgbóná gbígbẹ tó pọ̀ gan-an nìkan ló ń jó o run. Ìdí tí a fi ní Ọ̀run Àpáàdì nìyẹn."

Màmá Onígò gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ló wí, "ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ti ìgò sínú ààrò, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin alákọ̀wé tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo rò pé kó lè gbẹ ni!"

Òótọ́ kì í gba àwíjàre. Ó dìde, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ìgò mi mọ́, tí ẹ̀ṣọ́ tún ń pariwo, a jẹ́ pé òkú wà lára ìgò. Tí òkú bá wà lára ìgò, a jẹ́ pé Ọ̀run Àpáàdì ti tutù."

Mo ní kò lè tutù, mo ní ẹ̀rọ ni, kì í purọ́. Ó wò mí bí ìgbà téèyàn wo ọmọ tó ní òun ò ní dàgbà.

Obìnrin tó kọ́ Màmá níṣẹ́ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ní ọgbọ́n kan. Láyé ìgbà yẹn, ààrò ò ní nọ́ńbà lára. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìka mẹ́ta mú ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n á dà á sórí bébà onífàdákà, wọ́n á gbé e sáàárín ìgò. Bí ìyẹ̀fun bá jóná di dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgò ti jìyà tó. Bó bá ṣì funfun, wọ́n á tún iṣẹ́ ṣe. Ìgbà tí ààrò tuntun dé pẹ̀lú nọ́ńbà ni Màmá fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. Kò sì wo nọ́ńbà náà, torí pé ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ààrò ni wọ́n gbé e sí, ó sì ti pẹ́ tí ìbàdí rẹ̀ ti kọ ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì ló ń tẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi tirẹ̀ wà nìyẹn, kò sì fi pa mọ́. "Mo fọkàn tán nọ́ńbà," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rìn."

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó gbé ìyẹ̀fun sínú ààrò. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, àwa méjèèjì jọ ṣílẹ̀kùn. Ìyẹ̀fun funfun báláú. Ẹ lè fi ṣe àkàrà òyìnbó. Mo kúnlẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ ààrò: ọgọ́rin. Ẹnì kan ti yí i láti àádọ́ta-lé-nígba sí ọgọ́rin. Ìgbóná ọgọ́rin! Omi ìwẹ̀ àwọn kan gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ sáré lọ pariwo. Màmá fi ọwọ́ tó wú yẹn dì mí lápá mú. "Níbo lo ń lọ? Tí o bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní èmi ni mo yí i, torí èmi ni mo ni yàrá. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Jẹ́ kí a mọ ìka."

Yàrá ìfọgò àti yàrá ààrò fara kan ara wọn, gíláàsì sì wà lára ilẹ̀kùn tó wà láàárín. Ẹ ò ní béèrè bóyá gíláàsì náà mọ́. A jókòó sẹ́yìn àgbékọ́ ìgò, a ń ṣọ́nà. Ní aago méjìlá kọjá díẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀ọ́kán ṣí. Orí kan kọ́kọ́ wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ara tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ni.

Búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi bébà onífàdákà wé bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná ní yàrá ìsinmi wa ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wa ń jẹ oúnjẹ tútù, a ń ráhùn. Àṣé àwọn kan ò ráhùn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo nọ́ńbà pé ó ṣì wà níbi tó fẹ́, ó gbé búrẹ́dì wọ inú Ọ̀run Àpáàdì, ó tẹ bọ́tìnì, ó nàró, ó sì ń fi ohùn imú kọrin. Ìkìlọ̀ pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lókè orí rẹ̀. Ó tiẹ̀ gbójú sókè, ó kà á, ó mi orí bí ẹni tó gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó yọ búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ó gbọn èérún kúrò láyà, ó lọ.

Mo ti bu ọwọ́ mi jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu mi. Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Ojú mi ò ríran," ló wí wẹ́rẹ́, "ojú mi ò ríran." Inú bí mi nígbà yẹn, ó bí mi gidi. Ẹni tó ń jẹun nínú ilé ìdáná ìgò ló tẹ lẹ́tà fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, a ṣe iṣẹ́ wa bó ṣe yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Màmá ní kí n yí nọ́ńbà padà sí àádọ́ta-lé-nígba. Ó kó ìgò sí i, ó fi ìyẹ̀fun sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹ̀fun ti di èédú. Mo gba ẹ̀jẹ̀ dírẹ́bà. Mo fi ìgò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ti inú ààrò tútù jáde, ṣe apá òsì àwo. Mo fi ìgò Ọjọ́rú ṣe apá ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, omi kan náà, ọwọ́ kan náà. Ní apá kọ̀ọ̀kan, mo fi oró sínú ihò mẹ́rìnlélógún, mi ò fi nǹkan kan sínú mẹ́rìnlélógún.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago mẹ́wàá, a jókòó sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. Dírẹ́bà náà wá. Kò sẹ́ni tó pè é, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ dájọ́ lé lórí. Lẹ́tà wà lórí tábìlì. Mo gbé àwo kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá òsì, láti òkè délẹ̀, àwọ̀ ìyeyè. Apá ọ̀tún, ìdajì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ìdajì mọ́ kedere.

Ọ̀gá tẹ orí ba àwo náà. Onímọ̀ ni, ojú ẹsẹ̀ ló yé e. "Ìgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

"Fífọ̀ kan náà, sà," ni mo wí. "Ààrò ni kò dọ́gba." Mo gbé bébà ìyẹ̀fun méjèèjì kalẹ̀, funfun àti dúdú. "Ẹnì kan ti ń yí ààrò wálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá tábìlì débi pé èédú fò. "Ta ni? Ta ló dán irú ẹ̀ wò? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Gbogbo iṣẹ́ yìí! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó fa lẹ́tà sọ́dọ̀, ó ṣí bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ Màmá. "Lẹ́tà yìí á wọ fáìlì ẹni tó bá ṣe é, mo búra. N kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀!"

Bírò dúró lókè bébà, ó ń dúró de orúkọ. Mo wo Màmá. Dírẹ́bà wo Màmá. Màmá tún ìró rẹ̀ ró, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Bí èèyàn bá gbé búrẹ́dì ẹlẹ́ran sínú ààrò àádọ́ta-lé-nígba, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Á jóná ni," ni Ọ̀gá sọ wàrà, "èèpo á dúdú, inú á ṣì tutù. Ọgọ́rin ló dára, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí..."

Ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Mo rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gun ọrùn rẹ̀, tó gun etí, tó dé iwájú orí, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ìtìjú ni.

Dírẹ́bà nìkan ni kò tíì yé. "Sà, ẹ ti dán an wò rí ni?"

Ọ̀gá mú lẹ́tà náà, ó fẹ́ fà á ya. Màmá na ọwọ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ wú yẹn, ó gbé e lé orí bébà.

"Ẹ má fà á ya, sà. Ẹ ti búra."

"Màmá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀rọ̀ náà ti tán."

"Kò tán. Láti ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé yìí ti gbọ́ pé Màmá Onígò ò náání iṣẹ́ mọ́. Àwọn ará géètì ti ń bi mí ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá bá wọn. Bí ẹ bá fà á ya, wọ́n á ní ẹ ṣàánú mi ni. Mi ò ṣe nǹkan tó gba àánú, sà. Mo fọ ìgò mi."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ kó gbọ̀n, omi sì bọ́ lójú mi láìròtẹ́lẹ̀. N ó sọ òótọ́ nípa Ọ̀gá: ó ní ẹ̀gọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tẹ́ bébà náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè ibi tó fagi lé, gbogbo orúkọ pátá pẹ̀lú oyè, ó bu ọwọ́ lù ú. Ó wá kà á sókè fún wa pé òun, ọ̀gá ilé ìwádìí, kò náání iṣẹ́ òun, pé òun sì kìlọ̀ fún ara òun gidigidi. Dírẹ́bà ní kó jọ̀ọ́ kó tún ibi tó ti ní "gidigidi" kà.

Ọ̀gá fún Màmá ní lẹ́tà náà pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn níta. Mo rò pé á sáré jáde. Kò jáde. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ orí ba àwo tó wà lórí tábìlì. Ó yà mí lẹ́nu, torí nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí mi pé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó fi àwo kan hàn án rí. Ìgò ló ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí nǹkan tó ń padà bọ̀ àfi ìdọ̀tí.

"Àbúrò mi, èwo ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀?"

Mo na ìka sí igun ọ̀tún, sí ibi tó mọ́ kedere. "Àwọn wọ̀nyí, Màmá."

"Kò sí nǹkan kan nínú wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe é kó má sí."

Ó fi ìka ọwọ́ kejì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, ó kà wọ́n títí wọ́n fi pé mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà, ó gbé àwo náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ó yíjú sí dírẹ́bà.

"Ìwọ tí o wà nínú ìwádìí, wá wo iṣẹ́ mi," ló wí. "Má fọwọ́ kàn án o."